Ẹgbẹ́ kẹta l'Amẹ́ríkà: àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe tá a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀

Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ìdìbò prẹ́sídẹ́ǹtì l'Amẹ́ríkà á ti ku bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹnìkan á wá ju fídíò sórí WhatsApp, olówó kan tàbí ọmọ gbajúmọ̀ kan ló máa wà nínú ẹ̀ tó ń sọ pé òun ò ṣe Democrat òun ò sì ṣe Republican, kíá àwọn èèyàn wa á ti bẹ̀rẹ̀, "ẹ wò ó, tọ̀tẹ̀ yìí máa yàtọ̀ o". Láti ayé Ross Perot ní 1992 ni mo ti ń gbọ́ pé ó máa yàtọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fẹ́ràn ẹgbẹ́ kẹta o, èmi gan-an fẹ́ kí wọ́n rọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé jáde la máa ń wò, bí wọ́n ṣe ń ka ìbò gan-an la ò wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà: ẹ má sọ mọ́ pé òfin ló ní kó jẹ́ ẹgbẹ́ méjì. Mo mọ ibi tó ti wá. Ọdún 1989 ìjọba Babangida dá SDP àti NRC sílẹ̀ fún wa, wọ́n ní ọ̀kan á yà sápá òsì díẹ̀, ọ̀kan á yà sápá ọ̀tún díẹ̀, ìjọba ló tún kọ́ ọ́fíìsì fún wọn, a wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Amẹ́ríkà. Rárá o. Òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà ò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, George Washington gan-an kìlọ̀ fún wọn ní 1796 kó tó fipò sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ẹgbẹ́. Ohun tó sọ ọ́ di méjì ni pé àga kan ló wà ládùúgbò kan, ẹni tó bá síwájú ló gbé e lọ, ìbáà jẹ́ ìbò kan ló fi jù ú. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn dìbò, ẹnìkan ní 40, ẹnìkan 35, ẹnìkan 25. Ẹni tó ní 25 ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo nìyẹn, wọn ò ní gé díẹ̀ fún un níbẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, àwọn 25 yẹn á máa bi ara wọn pé nínú àwọn méjì tó kù, èwo ló sàn díẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Faransé kan, Maurice Duverger, ti ṣàlàyé ẹ̀ látayé àwọn bàbá wa. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wá fi òfin dè é pa ní 1967, pé àdúgbò kan, aṣojú kan, fún ilé aṣojú wọn.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ká máa yọ̀ lórí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 1992, Ross Perot, olówó ará Texas, fowó ara ẹ̀ ra àkókò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó, ó ń fi àtẹ tí wọ́n yà sórí páálí ṣàlàyé gbèsè ìjọba fún wọn bíi tíṣà práímárì. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 19 dìbò fún un, 18.9% ni. Ìbò Electoral College, ìyẹn ìbò tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, tó jẹ́ pé òun ló ń yan prẹ́sídẹ́ǹtì gan-an, mélòó ló wá rí? Òfo. Ẹyọ kan ò sí. Ó dáa, ẹ padà sí 1968, George Wallace tó ti ṣe gómìnà Alabama, tó ń jà kí dúdú àti funfun má pọ̀ pọ̀, 13.5% ló ní, ìbò Electoral College 46 ló sì kó. Strom Thurmond ní 1948 ńkọ́, òun náà alátakò ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, 2.4% péré, ìbò 39! Mílíọ̀nù 19 ò rí nǹkan kan, 2.4% rí 39. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé gbogbo ibi ni Perot wà díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, àwọn ti Wallace àti Thurmond sì kóra jọ sí Gúúsù lójú kan. Nílùú tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ 48 nínú 50 máa ń kó gbogbo ìbò wọn fún ẹni tó bá ṣáà ti síwájú, kéèyàn fọ́n káàkiri ò pé é. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ àwọn tó mọ ọ̀nà yẹn lò jù ni àwọn tí ò fẹ́ ká jókòó nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn.

Wọ́n á ní Labour Party ńkọ́ ní 2023? Ṣebí Obi na Tinubu l'Èkó, 582,454 sí 572,606, ta ló rò ó? Òótọ́ ni, ó yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wé e. Nílé níbí, tí INEC bá ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí ẹgbẹ́ sì fa èèyàn kalẹ̀, àmì ẹ̀ á wà lórí ìwé ìdìbò prẹ́sídẹ́ǹtì láti Bàdágìrì títí dé Maiduguri. L'Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 50 pẹ̀lú Washington, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ buwọ́lùwé, ọjọ́ tó máa parí, irú pépà tí wọ́n máa fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Oṣù kẹrin ọdún 2024, èmi àti bọ̀dá kan ní Houston, a jáde níwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹran ewúrẹ́ àti ẹ̀fọ́, ọmọbìnrin kan dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, ó há pépà mọ́ páálí, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ buwọ́lù ú kí olùdíje òun tí ò ní ẹgbẹ́ lè wọ ìwé ìdìbò. Bọ̀dá gba bírò, wọ́n fa ìbuwọ́lù wọn gbọọrọ bíi ti máníjà báǹkì, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, gbogbo ẹ̀. Nígbà tá a dé inú mọ́tò mo ní, bọ̀dá, ṣé ẹ ò dìbò ní primary, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́, ní oṣù kẹta ni? Wọ́n ní àwọn dì í kẹ̀, ti Democrat. Mo ní ìbuwọ́lù yín ti wọgbó nìyẹn. Torí ní Texas, ẹni tó bá ti dìbò nínú primary ẹgbẹ́ ńlá lọ́dún yẹn ò gbọ́dọ̀ buwọ́lùwé fún olùdíje aládàáni, ẹ̀yìn primary yẹn náà ni wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbuwọ́lù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí èyí tó lé ní 113,000 láàárín nǹkan bí oṣù méjì. Bọ̀dá dákẹ́ lọ títí, wọ́n ní "àní bí ẹni ń tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ àna tí ò fẹ́ẹ yàn". Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo mà nìyẹn o.

Ọdún yẹn náà ni Robert F. Kennedy Jr., tó fẹ́ díje prẹ́sídẹ́ǹtì láìsí ẹgbẹ́, rí i. Ní New York, kọ́ọ̀tù yọ ọ́ dànù torí àdírẹ́sì tó kọ sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kì í gbé ibẹ̀. Nígbà tó wá dọwọ́ ìparí oṣù kẹjọ ó ní òun ò ṣe mọ́, òun ti lọ sẹ́yìn Trump, ó wá ní kí wọ́n yọ orúkọ òun ní Michigan àti Wisconsin, wọ́n ní rárá, ó ti pẹ́ jù. Ibi tó fẹ́ wọlé wọ́n lé e jáde, ibi tó fẹ́ jáde wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn tó ka ìwé díẹ̀ á wá mú Lincoln jáde, pé ṣebí ẹgbẹ́ kẹta ni Republican náà nígbà kan. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn. 1854 ni wọ́n dá Republican sílẹ̀ lóòótọ́, Lincoln sì wọlé ní 1860 pẹ̀lú nǹkan bí 40%, àmọ́ ẹgbẹ́ Whig, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ńlá méjì tẹ́lẹ̀, ti tú ká kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ oko ẹrú ti fà á ya. Ilé òfìfo ni wọ́n kó wọ̀, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jìjà yàrá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí tí ilé ò bá ṣófo, Theodore Roosevelt ni kẹ́ ẹ wò ní 1912, nígbà tó fi Republican sílẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀. Ẹni tó ti ṣe prẹ́sídẹ́ǹtì rí, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, wọ́n yìnbọn fún un láyà ní Milwaukee lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀, ọta ò jáde, ó ṣì sọ̀rọ̀ lé ní wákàtí kan. Ó ní 27.4%, ìbò Electoral College 88, ó fi Taft tó wà lórí àga sẹ́yìn, 8 péré ni Taft ní. Síbẹ̀ Wilson ti Democrat ló kó 435 lọ, ìdajì ìbò ò sì pé lọ́wọ́ òun náà. Àwọn méjèèjì tó jọ jẹ́ Republican tẹ́lẹ̀ ló jọ pín ẹran, ẹni ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló gbé ìkòkò.

Ìyẹn mú wa dé Nader, olùdíje ẹgbẹ́ Green, ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Florida, 2000: Bush ti Republican fi ìbò 537 ju Gore ti Democrat lọ, Ralph Nader ní 97,488. Àṣìṣe méjì ló wà níbí. Èkíní ni kéèyàn kó gbogbo ìbò Nader kó ní ti Gore ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò ní jáde nílé rárá ká ní Nader ò sí, àwọn kan á dì í fún Bush gan-an. Ti Perot ní 1992, nígbà tí wọ́n bi àwọn olùdìbò ẹ̀ lẹ́nu ibi tí wọ́n ti dìbò jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọgbọọgba ni wọ́n á pín fún Bush bàbá àti Clinton. Àṣìṣe kejì, tí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kẹta fẹ́ràn jù, ni kí wọ́n ní ìbò wọn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, 97,488 níbi tí 537 ti ń pinnu, ìdá kékeré nínú ẹ̀ ló tó. Ọ̀pọ̀ ń ṣe bí adìyẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin, ẹ̀tọ́ wọn ni, kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ẹyin fọ́.

Kí n má gbàgbé àwọn tó ń sọ pé tí ẹnikẹ́ni ò bá ti pé 270, iye ìbò Electoral College tó ń gbé èèyàn wọlé, olùdíje ẹgbẹ́ kẹta àwọn á jókòó dúnàádúrà. Ilé aṣojú ló máa yan prẹ́sídẹ́ǹtì nígbà yẹn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ìbò kan, kékeré o ńlá o, àwọn wo ló sì kún ibẹ̀? Democrat àti Republican. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1824, Andrew Jackson ló ní ìbò jù, John Quincy Adams ni wọ́n yàn.

Àti ìwádìí wọ̀nyẹn tó máa ń ní èyí tó ju ìdajì àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń fẹ́ ẹgbẹ́ kẹta. Wọ́n ń fẹ́ ẹ lóòótọ́. Ẹnìkan ń fẹ́ èyí tó máa gba ìbọn lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, aládùúgbò ẹ̀ ń fẹ́ èyí tí ò ní gba owó orí kankan. Ẹgbẹ́ kan náà kọ́ nìyẹn.

Ibi tí mo rò pé a ti ń fojú fo ohun tó ṣe pàtàkì nìyí: a máa ń ní ẹgbẹ́ kẹta ò já mọ́ nǹkan kan torí wọn ò wọlé. Àwọn Populist, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ní ìbò Electoral College 22 ní 1892, wọ́n ń pariwo pé kí olówó máa san owó orí ju tálákà lọ, kí ará ìlú máa fọwọ́ ara wọn yan sẹ́nétọ̀. Ní 1896 Democrat gbé wọn mì káló, ẹgbẹ́ rọ títí tó fi parẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di 1913, owó orí àti ìdìbò sẹ́nétọ̀ ti wọ inú òfin ìpilẹ̀, méjèèjì. Wọ́n jí ọbẹ̀ wọn jẹ, ọbẹ̀ yẹn sì dùn. Owó ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ kẹta ní tiẹ̀: Perot ní 8% ní 1996, ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ fún Reform Party, ẹgbẹ́ tí Perot dá sílẹ̀, ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 12 dọ́là fún ìdìbò 2000. Owó dé, ìjà dé, wọ́n pín sí méjì, Pat Buchanan tó díje fún wọn gba owó náà, kò ní tó ìdajì 1%.

Bernie Sanders tí gbogbo yín mọ̀, sẹ́nétọ̀ aládàáni láti Vermont, ìbò 10 ló fi di olórí ìlú Burlington níbẹ̀ ní 1981. Mẹ́wàá. Ìlú kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Jesse Ventura tó jẹ́ oníjàkadì tẹ́lẹ̀ di gómìnà Minnesota ní 1998 pẹ̀lú 37%. Ní Maine, wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń kà á padà: olùdìbò á to àwọn olùdíje, ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì, tẹ́nìkan ò bá pé ìdajì wọ́n á yọ àwọn tó kéré jù, wọ́n á wo ẹni kejì tí àwọn olùdìbò wọn kọ. Ní 2018, nínú ìdìbò sílé aṣojú, Bruce Poliquin ti Republican ló síwájú nínú ìkà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìbò 2,171, àwọn aládàáni méjì wà lẹ́yìn, nígbà tí wọ́n pín ìbò àwọn yẹn tán Jared Golden ló wọlé. Democrat ni Golden o, ẹ má bínú, àwọn aládàáni ò wọlé, àmọ́ ẹni tó dìbò fún wọn ò fi ìbò ẹ̀ ṣòfò. Ká má sì rò pé gbogbo ibi ló ń sáré tẹ̀ lé e. Ní 2024, Colorado, Oregon, Idaho àti Nevada ní àwọn ò fẹ́ irú ẹ̀, Missouri fòfin dè é, Alaska tó ti ní in díẹ̀ ló kù kó pa á rẹ́.

Oṣù kọkànlá yẹn bọ̀dá pè mí, wọ́n ṣí àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò Houston sórí fóònù, wọ́n ní ti prẹ́sídẹ́ǹtì ò tẹ́ àwọn lọ́rùn, orúkọ pásítọ̀ àwọn làwọn máa kọ síbẹ̀. Mo ní Texas ò ní kà á, àfi ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yí i lọ sísàlẹ̀, ìwé gígùn bí aṣọ òkè, adájọ́ lórí adájọ́. Wọ́n wá dúró lójú kan, wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbí, ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà tún kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni ò bá wọn dù ú. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń fi oòrùn pa ọmọ yẹn níwájú ìsọ̀, ṣé wọn ò rí ibí yìí ni?"