Ọjọ́ márùn-ún ní Vienna lásìkò òtútù: Ìbàdàn lẹ ti máa múra ẹ̀

Ẹ jẹ́ n ti ibi bàtà bẹ̀rẹ̀, torí bàtà ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Kánfáàsì funfun tí mo fi ń ṣe fáàrí ní Bódìjà náà ni mo wọ̀ lọ sí Vienna nínú oṣù Disẹ́ńbà, mo ní ṣebí bàtà ni gbogbo wọn. Yìnyín wá rọ̀ lóru ọjọ́ kejì, kì í ṣe èyí tó máa ń ta páánù wa gbàgbàgbà yẹn o, èyí tó dà bí òwú ni, ó rẹwà gan-an, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sán tí mọ́tò ti tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó ti yọ́, ó ti dúdú, ó wá rí bí eèrí ògì tí wọ́n dà sójú títì, omi ẹ̀ sì gba ara kánfáàsì wọlé. Sọ́ọ̀kì mi rin gbingbin. Kí n tó rìn dé ìdí tíráàmù, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ìka ẹsẹ̀ mi ṣì pé mẹ́wàá. Àbúrò mi tó wọ búùtù bọ́síkọ́nà kàn wò mí, ó ní, "Sìstá mi, ẹ kú fáàrí o."

Ó dáa. Bàtà tẹ́ ẹ máa wọ̀ gbọ́dọ̀ bo ọrùn ẹsẹ̀, omi ò gbọ́dọ̀ lè wọ inú ẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní eyín jíjìn bíi táyà tuntun, torí ilẹ̀ á máa yọ̀. Kó fi nọ́ńbà kan ju ẹsẹ̀ yín lọ, kẹ́ ẹ lè wọ sọ́ọ̀kì méjì sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ń wọ̀ ọ́, ẹ gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tómi ẹ̀ ò jìn, ẹ ki tísù gbígbẹ sínú ẹ̀, ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ tó padà wò ó. Èmi ò mọ gbogbo èyí, ni mo bá lọ ra búùtù lọ́hùn-ún lówó gọbọi.

Aṣọ òtútù, ẹ má lọ fowó ṣòfò ní ilé ìtajà ńlá. Bọ́síkọ́nà ni kẹ́ ẹ lọ, ti Dùgbẹ̀ tàbí èyíkéyìí tó bá wà ládùúgbò yín. Kóòtù tó nípọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tà níbí, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú oòrùn Ìbàdàn, torí náà ẹ lè ná an dáadáa. Òyìnbó ló sì wọ̀ ọ́ kù tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ń bá a dá a padà sílé ni. Ẹ yí inú ẹ̀ síta, ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an, ẹ fa síìpù ẹ̀ lọ fà á bọ̀ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó sì gùn débi tó máa bo ìdí. Àmọ́ kóòtù kan ṣoṣo kọ́ ló ń gbani, aṣọ mẹ́ta ni: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra, súwẹ́tà lé e, kóòtù lókè. Ìdí ẹ̀ ni pé inú ilé wọn, inú tíráàmù, inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbóná bí ẹ̀yìn ààrò, ẹ máa fẹ́ bọ́ nǹkan kúrò. Fìlà tó bo etí pọn dandan, ẹ rántí abetí-ajá, àwọn baba wa mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Ẹ mú òrí dání, ètè á bẹ́ ju tìgbà ọyẹ́ lọ.

Ìwé ló kàn, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Físà Schengen lẹ máa gbà, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, tó bá jẹ́ Ọ́síríà, orílẹ̀-èdè tí Vienna wà, lẹ ti máa pẹ́ jù, ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa kọ̀wé sí. Yúrò 90 ni owó físà fún àgbàlagbà, 45 fún ọmọ tó ti pé ọdún 6 tí kò tíì pé 12, ọmọ tó kéré sí 6 kì í san. Ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó tó yúrò 30,000 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún, kó sì ní ojú ewé méjì tó ṣófo. Ẹ lè fìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn àjò, ọjọ́ 15 ló kù tí wọn ò ní gbà á mọ́, àmọ́ ẹni tó fẹ́ lọ ní Disẹ́ńbà tó wá ń dúró di Nòfẹ́ńbà, àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Sẹ̀tẹ́ńbà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ ìpàdé.

Ẹ má gbé owó òjijì sínú àkáǹtì torí físà. Wọ́n máa ń rí i. Owó oṣù tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà láti ibiṣẹ́ tó sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwé ilé tàbí ti ọmọ, ìyẹn ló ń sọ fún wọn pé ẹ máa padà wálé. Éjẹ́ǹtì kan tí mi ò ní dárúkọ ti gba owó lọ́wọ́ mi rí, ó ní òun mọ ẹnì kan ní ẹ́ḿbásì, àṣé sítétimẹ́ǹtì ayédèrú ló fẹ́ kì bọ inú ìwé mi. Ọlọ́run ló yọ mí tí mo ní kó jẹ́ n wò ó kó tó fi sílẹ̀. Owó náà ò padà wá títí dòní. Fọ́ọ̀mù yẹn, ẹni tó bá lè ka ìwé yìí lè fọwọ́ ara ẹ̀ kún un.

Ẹ má tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe é dá padà títí físà á fi jáde. Kò sí ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ tààrà láti Èkó sí Vienna, ẹ máa gba Frankfurt, Istanbul tàbí Addis Ababa kọjá. Tó bá jẹ́ Frankfurt lẹ gbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ pásípọ́ọ̀tù yín wò, kì í ṣe Vienna, láti 12 Oṣù Kẹwàá 2025 sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka àti fọ́tò níbodè, ìlà ń gùn, torí náà kí àyè tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì tó wákàtí mẹ́ta. Láti Ìbàdàn dé Èkó náà, ẹ má fojú di ọ̀nà màrosẹ̀. Tí àkókò rélùwéè bá bá tiyín mu, ẹ wọ̀ ọ́ ní Mọníyà, kẹ́ ẹ sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Agége, ẹ má jẹ́ kó gbé yín dé Ẹbúté Mẹ́ta, torí Agége ló sún mọ́ ẹ́apọ́ọ̀tù Ìkẹjà.

Oúnjẹ: ẹran kankan ò gbọ́dọ̀ wọ Yúróòpù nínú báàgì yín, wàrà náà ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Kí màmá yín má di ọbẹ̀ ẹlẹ́ran fún yín, kílíṣí náà kó dúró sílé. Ẹja gbígbẹ ò léèwọ̀, gààrí náà ń lọ.

Ẹ ti dé Vienna báyìí. Ẹ ò ní yí aago, lásìkò òtútù aago wa àti tiwọn dọ́gba. Láti ẹ́apọ́ọ̀tù, wọ́n máa fi rélùwéè aláwọ̀ ewé kan tó ń jẹ́ CAT hàn yín, ìṣẹ́jú 16 ló fi ń dé Wien Mitte, ibùdó rélùwéè kan láàárín ìlú, ó yá lóòótọ́, àmọ́ rélùwéè S7 tó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i ń lọ síbẹ̀ náà, owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì. Nínú ìlú, kò sí géètì níbi tẹ́ ẹ ti máa wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, kò sí kọndọ́, ẹ máa rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o! Ẹni tó wọ aṣọ ilé bíi tiyín lè kàn fa káàdì yọ, kó ní òun fẹ́ rí tíkẹ́ẹ̀tì, fáìnì ẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún yúrò. Tí tíkẹ́ẹ̀tì yín ò bá ní ọjọ́ àti aago lára, ẹ fi sí ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó máa lu òǹtẹ̀ sí i.

Nǹkan tó ń da àlejò rú jù ni pé ilẹ̀ tètè ń ṣú. Ní àárín Disẹ́ńbà, ojúmọ́ ò ní mọ́ títí aago méje ààbọ̀ á fi kọjá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀. Torí náà, ohun tó bá jẹ́ wíwò, bí ọgbà ààfin Schönbrunn (ọ̀fẹ́ ni ọgbà ẹ̀) tàbí ilé ìṣọ́ gúúsù ti ṣọ́ọ̀ṣì Stephansdom tó ní àtẹ̀gùn 343, ẹ ṣe é láàárọ̀. Ẹ fi ọjà Kérésì sí alẹ́, torí iná ló ń ṣẹwà fún un.

Ti iwájú Rathaus, gbọ̀ngàn ìlú wọn, ló tóbi jù, láti àárín Nòfẹ́ńbà títí di 26 Disẹ́ńbà. Wáìnì gbígbóná wà níbẹ̀, wọ́n fi kànáfùrù sè é, òórùn ẹ̀ á gbà yín lọ sí ìsọ̀ eléwé ọmọ. Ẹni tí kì í mutí kó ní Kinderpunsch, tọmọdé ni, kò ní ọtí. Wọ́n máa gba owó kọ́ọ̀bù mọ́ ọn, bí owó ìgò mínírà tiwa, ẹ dá kọ́ọ̀bù padà kẹ́ ẹ gba owó yín, àbí kẹ́ ẹ gbé e wálé. Tèmi wà nílé, mo fi ń mu Milo. Ẹ ra Maroni náà, èso kan tí wọ́n ń sun lórí iná, inú ìwé tí wọ́n ká bíi ti ẹlẹ́pà ni wọ́n ń bù ú sí, ó dùn bí ọ̀dùnkún sísun, ó sì ń mú ọwọ́ gbóná.

Ọjọ́ Sunday, ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ kejì ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wọn ń tì pa. Ẹ ra búrẹ́dì sílẹ̀, àbí kẹ́ ẹ lọ sí ti inú ibùdó rélùwéè ńlá. Omi ẹ̀rọ, ẹ mu ún láìbẹ̀rù, orí òkè ló ti ń ṣàn wá. Fóònù, àpò inú ni kó wà, òtútù máa ń pa bátìrì ẹ̀.

Alẹ́ kan péré, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró ní ilé opera, kò wọ́n rárá, ẹ so súkáàfù yín mọ́ irin iwájú yín, ìyẹn ni pé ààyè ti ní olówó, kò sẹ́ni tó máa dúró síbẹ̀. Èmi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú orin yẹn, àmọ́ mo sunkún.

Búùtù tí mo rà lọ́hùn-ún ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Challenge, nọ́ńbà 40 ni. Ẹni tó bá ń lọ tó bá a lẹ́sẹ̀ mu kó wá yá a, àmọ́ kó mú sọ́ọ̀kì tiẹ̀ wá.