Bí mo ṣe tọpa ṣíbí ilé

Àbá mi ni pé ṣíbí kì í sọnù, ó ń ṣí kiri ni. Bí ẹnu bá ṣe pọ̀ tó nínú agbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yá tó. Àwọn olùṣèwádìí kan ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: wọ́n fi nọ́ńbà sára ṣíbí tíì 70 láìjẹ́ kó hàn, wọ́n kó wọn sí yàrá ìmutíì ibi iṣẹ́ wọn. Láàárín oṣù márùn-ún, 56 ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2005. Ọjọ́ 81 ni wọ́n ṣírò pé ìdajì fi ń lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, dọ́sìnnì méjì á ku 12 lọ́jọ́ 81, á ku 6 lọ́jọ́ 162.

Sábó ni mo ti ra tèmi, mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti jóná sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣíbí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ni kí ẹ rà. Àwọn kan ń dán, wọn ò ní lẹ̀ rárá, ìwọ̀nyẹn ò ní ṣeé wá bí wọ́n bá sá.

Àmì ni iṣẹ́ gan-an. Kútẹ́ẹ̀sì ò dára: omi gbígbóná àti kàn-ìn-kàn-ìn onírin á bó o kúrò, kó tó bó pàápàá, ẹni tó bá rí i á máa ṣọ́ra, ìwádìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Fáìlì onígun mẹ́ta ni mo fi kọlà fún wọn lẹ́yìn ọrùn, kéékèèké bíi pélé. Ìlà òsì kọ̀ọ̀kan dúró fún márùn-ún, ti ọ̀tún dúró fún ọ̀kan. Mẹ́rin lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún, 23 nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó jìn. Omi àti ìdọ̀tí oúnjẹ á há sínú rẹ̀, á sì máa dógùn-ún. Ẹ fi sáńdípépà pa etí rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti fọ àwo tán, ni kíkà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ ló ń darí ìṣíkiri yìí. Lọ́jọ́ àmàlà láfún, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ṣíbí ń sinmi. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń lé wọn jáde. Mo so mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ okùn, mo fà á gba inú gọ́tà àti orí ààtàn: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Omi ìfọwo ti máa ń dúdú, ṣíbí a sì rì sísàlẹ̀, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ á gbé bàsíà, á dà á nù pẹ̀lú ṣíbí inú rẹ̀. Asẹ́ èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ máa da omi náà gba inú rẹ̀. Ìgbakọ ọbẹ̀ kì í lọ síbì kankan, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń dì í mú.

Àwọn tó bá àwo ìrẹsì ọdún lọ sílé aládùúgbò ni mágínẹ́ẹ̀tì ò lè fà padà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ béèrè. Ẹ yẹ kíṣíìnì tiyín wò dáadáa, tiwọn náà wà níbẹ̀. Ojú ìwé ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ ìyẹn sí.