Mẹ́kúrì inú ilé, Mẹ́kúrì ojú ọ̀run: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Bí témómítà onígíláàsì bá já bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ, tó sì fọ́, ìgbálẹ̀ ni ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ìgbálẹ̀ á fọ́ mẹ́kúrì, irin olómi tó wà nínú témómítà náà, sí wẹ́wẹ́, á tì í wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti kọ̀rọ̀ ilé, afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde á sì máa pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún kò ní òórùn, ojú kò sì rí i, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á símú, ó ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Ti ọmọdé ló burú jù.

Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ bọ́ òrùka wúrà, nítorí mẹ́kúrì máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì ní ìdúbúlẹ̀ sílẹ̀: gbogbo ẹ̀kán rẹ̀ ló máa dán bí ìrì àárọ̀. Páálí ni kí ẹ fi kó o sínú ìgò tó ní ọmọrí, kí ẹ dé e pa, kí ẹ sì gbé e lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ má dà á sí gọ́tà, nítorí ọ̀pọ̀ omi Abẹ́òkúta, Odò Ògùn ló ń ṣàn lọ. Ní Minamata ní Jàpáánù, níbi tí wọ́n ti kéde àìsàn mẹ́kúrì ní 1956, inú ẹja ló ti bá àwọn ènìyàn.

Àwọn ìpara tó ń bóni lára ńkọ́? Mẹ́kúrì wà nínú òmíràn wọn, NAFDAC sì ti ń kìlọ̀ nípa wọn. Ẹ̀yin ìyàwó tó ń múra ìgbéyàwó, ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí “calomel” tàbí “mercuric”, tàbí tí wọ́n bá kọ ọ́ pé kó má kan wúrà tàbí fàdákà, ẹ má rà á. Ó ń lẹ̀ mọ́ táwẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ran ọmọ tí ẹ ń gbé mọ́ra.

Ti ojú ọ̀run wá. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan rò pé irin olómi yìí ni wọ́n fi ṣe plánẹ́tì Mẹ́kúrì. Rárá o. Òkúta ni, irin gidi sì ló kún inú rẹ̀. Lọ́sàn-án, ibẹ̀ máa ń gbóná dé 430°C, bẹ́ẹ̀ 357°C ni mẹ́kúrì ti ń hó. Lóru, ó máa ń tutù dé −180°C, mẹ́kúrì á sì ti dì gan-an kó tó débẹ̀, ní −39°C. Kò lè ṣàn níta níbẹ̀.

Ẹ má sì kọ́ ọmọ pé òun ló gbóná jù nítorí pé òun ló sún mọ́ oòrùn jù. Àgùàlà (plánẹ́tì Venus), tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, gbóná jù ú lọ, ó tó 465°C, nítorí afẹ́fẹ́ kíki tó bò ó kò jẹ́ kí ooru jáde. Mẹ́kúrì kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Kódà yìnyín wà nínú àwọn kòtò tí oòrùn kì í dé ní ìkángun rẹ̀.

Ní àwọn ìgbà kan, ẹ lè fi ojú rí plánẹ́tì Mẹ́kúrì láti orí Olúmọ, ní apá ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé awò olójú méjì sójú kí oòrùn tó wọ̀ tán, ó lè fọ́ni lójú.