Àwọn Àṣìṣe tí Ó Ń Ṣí Ilé Wa Sílẹ̀ fún Olè ní Èkìtì

Ẹni tí ó bá rìn káàkiri àwọn àdúgbò tuntun ní Adó-Èkìtì yóò rí i pé owó kékeré kọ́ ni àwọn onílé ń ná sí iwájú ilé wọn. Gẹ́ètì ńlá onírin wà níbẹ̀, iná tí ó mọ́lẹ̀ kedere wà lókè rẹ̀, irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé tí ó kọjú sí títì. Ṣùgbọ́n bí a bá yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé kan náà, ohun tí a sábà máa ń bá níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí a fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, fèrèsé ilé ìwẹ̀ tí kò ní irin, àti koríko tí ó ga tó láti bo ẹni tí ó bá lóṣòó sínú rẹ̀. Ibi tí àlejò ń gbà wọlé nìkan ni à ń ṣọ́, inú ìwà yìí sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe wa ti ń wá.

Àṣìṣe kan wà tí mo gbà pé ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa ju ti ibòmíràn lọ, òun ni kí ènìyàn máa wọn gíga ògiri ọgbà rẹ̀ láti inú. Àwọn àgbà a máa sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde, ẹni tí ó bá sì ti kọ́lé sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Òkèmẹ̀sí tàbí Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ṣòro láti rí. A máa ń gbẹ́ ara òkè kí ilé tó lè jókòó dáadáa, a ó sì mọ ògiri sí ibi tí a gbẹ́ dé. Bí onílé bá dúró nínú ọgbà, ògiri ẹ̀yìn ga ju orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ gíga tí ó wà lódìkejì lè rí i pé ògiri kan náà kò ju orúnkún òun lọ. Mo mọ ilé kan ní Adó tí olè wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, onílé to ìgò fífọ́ sórí ògiri iwájú, gbogbo àwa aládùúgbò sì yìn ín fún un. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó ronú láti gun òkè ẹ̀yìn lọ kí ó wo ilé náà láti ibi tí olè ti ń wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáde kúrò nínú ọgbà yín ní ọ̀sán, ẹ rìn yí i ká, kí ẹ sì wo igi máńgòrò tí ẹ̀ka rẹ̀ ti kọjá ògiri, búlọ́ọ̀kù tí àwọn òṣìṣẹ́ tò jọ tí wọn kò kó mọ́, àti àkàbà tí ẹ fi ti ara ilé láti ìgbà tí ẹ ti kun ọ̀dà.

Òkè ilé náà kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé. Ọ̀pọ̀ ilé ni a gbé táńkì omi dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí irin tí ó gbé táńkì náà sì di ọ̀nà tí ó lọ tààrà sórí páànù. Ẹni tí ó bá ti ṣí páànù kan, tàbí tí ó tú àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ti wọlé tán, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ògiri tí ó pín yàrá kì í kọjá àjà lọ. Ẹni tí ó wà lókè àjà lè rápálá láti orí yàrá kan dé orí òmíràn, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ó wù ú. Ẹni tí ó ń kọ́lé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí bíríkìlà dá ògiri dúró sí ìsàlẹ̀ àjà, pàápàá láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá ibùsùn. Ẹni tí ó ti kọ́ tirẹ̀ tán lè fi irin dí ojú àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń ṣi irin ojú fèrèsé ṣe. Èkíní ni kí wẹ́dà fi ìdè tí ó ṣeé tú láti ìta so ó mọ́ ògiri, nítorí pé sípánà kan ṣoṣo ni olè nílò láti tú irú irin bẹ́ẹ̀. Èkejì, tí ó burú jù, ni kí a jó irin pa mọ́ gbogbo fèrèsé láìsí èyí tí ó ṣeé ṣí láti inú. Bí iná bá sọ ní ilé ìdáná lóru, tí ó sì dí ọ̀nà ilẹ̀kùn, irin tí a fi dènà olè ni yóò sé àwọn ọmọ wa mọ́lé. Ó yẹ kí irin kan, ó kéré tán, nínú yàrá ibùsùn kọ̀ọ̀kan ní àgádágodo ní inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ibi tí gbogbo ará ilé mọ̀, tí ọwọ́ kò sì lè tó láti ojú fèrèsé.

Mo fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Olè fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti tà, ariwo rẹ̀ sì máa ń bo ìró ẹni tí ń fi irin fọ́ ilẹ̀kùn. Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni àwọn kan ṣe ń gbé e wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná, tí wọ́n sì ń tàn án síbẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Ẹ má ṣe dán an wò láé. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó bá ń sùn sì lè kú láìtají. Fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ kò tó láti lé e jáde. Ohun tí ó yẹ ni kí a ṣe ilé onírin kékeré fún un ní ìta, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí a fi ẹ̀wọ̀n tí ó nípọn dè é mọ́ kọnkéré, kí a sì máa pa á kí a tó sùn, kí etí wa lè gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a máa kéde pé a kò sí nílé. Àgádágodo ńlá tí a fi há gẹ́ètì láti ìta ń kéde rẹ̀. Iná ìta tí ó ń tàn lọ́sàn-án gangan fún ọjọ́ mẹ́ta ń kéde rẹ̀. Àwòrán tí a gbé sórí WhatsApp láti ibi àríyá ní Ìbàdàn, nígbà tí àríyá kò tíì parí, ń kéde rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ní nọ́ńbà wa. Ọjọ́ ọdún Ùdírókò ní Adó, tí gbogbo ìdílé máa ń tú jáde, àti alẹ́ ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, jẹ́ àsìkò tí ẹnikẹ́ni lè mọ̀ ṣáájú pé ilé yóò ṣófo. Ọ̀ràn àwọn ọmọ Èkìtì tí ń gbé ní Èkó àti Abùjá tún le ju èyí lọ, nítorí pé wọ́n kọ́ ilé tí ó dára sí ìlú wọn, ṣùgbọ́n ilé náà kì í ṣí àfi ní oṣù Kejìlá tàbí ní ọdún Àjíǹde. Wọ́n a kó ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti bẹ́ẹ̀dì tuntun sínú rẹ̀, wọ́n a tì í, wọ́n a sì lọ. Ó sàn kí ìbátan kan máa gbé ní yàrá ẹ̀yìn láìsan owó ilé, kí ó máa gbálẹ̀, kí ó máa ṣán koríko, kí ó sì máa tan iná ní alẹ́ kí ó sì pa á ní òwúrọ̀, ju kí a máa kó ohun olówó ńlá sínú ilé tí ẹnì kan kò sí.

Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìnusẹ̀ tàbí ìkòkò òdòdó, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń fi tirẹ̀ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba yàrá ní Ọ̀yẹ́ àti ní Adó sì sábà máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé láìbéèrè iye ẹni tí ó ti lò ó rí. Kí ẹ tó kó ẹrù wọlé, ẹ pààrọ̀ àgádágodo tàbí ìtì ilẹ̀kùn náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba ọlọ́dẹ, ẹ má ṣe gbà á láìmọ ìlú rẹ̀ àti ẹni tí yóò dúró fún un.

Kámẹ́rà dára, ṣùgbọ́n bí kò bá ní bátìrì tàbí sólà, àsìkò tí iná bá lọ ni ojú rẹ̀ ń fọ́, àpótí tí ń gba àwòrán pamọ́ kò sì gbọdọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí olè má baà gbé àwọn méjèèjì lọ pọ̀.

Bí ẹ bá ti ìrìn àjò dé tí ẹ bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ẹ má ṣe wọlé láti lọ wo ohun tí wọ́n gbé, nítorí pé olè lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó sì lè ní ohun ìjà. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ pe aládùúgbò, kí ẹ sì pe 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ yín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wà ní Èkìtì pẹ̀lú. Ó yẹ kí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù yín kí ọ̀ràn tó dé. Bí ọwọ́ àdúgbò bá tẹ ẹnì kan, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí a lù ú pa tàbí kí a dáná sun ún. Ìpànìyàn ni lójú òfin, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí níbi púpọ̀ pé ẹni tí a mú kì í ṣe olè. Ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Àwọn ọlọ́pàá yóò béèrè ohun tí ẹ lè fi mọ ẹrù yín yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dákẹ́, nítorí pé wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ tẹ *#06# sórí fóònù yín lónìí, nọ́ńbà gígùn tí ó ní ẹyọ òǹkà 15 tí yóò jáde ni IMEI rẹ̀, èyí tí a fi ń dá fóònù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹ wo abẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ara jẹnẹrétọ̀ fún nọ́ńbà tiwọn, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹbí kan tí ẹ kò jọ gbé inú ilé kan náà.