Bẹ́ ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ṣe òdòdó orí tábìlì ìgbéyàwó
Ẹ má jẹ́ kó ga jù o! Tó bá ti ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, àwọn tó kọjú síra wọn á kàn máa na ọrùn bí ògòǹgò ni. Ẹ wá ìgò tẹ́nu ẹ̀ fẹ̀, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù tín-ín-rín mọ́ ẹnu ẹ̀ kó rí bí àwọ̀n, ojú ihò yẹn lẹ máa ki òdòdó bọ̀ kó má baà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí ẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ já ewé tó máa wọnú omi dànù torí ó máa ń jẹrà, omi á wá máa rùn (ó ti ṣe mí rí, ojú tì mí gan-an). Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ tò ó, síbi tó tutù. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ẹyọ kan dán an wò kẹ́ ẹ tó ra ti gbogbo tábìlì.