Wọ́n ní ọmọ mi kì í gbọ́ràn

Gàdàgbà ni tíṣà kíláàsì kejì kọ ọ́ sínú káàdì Àjàní: ọmọ yìí kì í gbọ́ràn. Díẹ̀ ló kù kí n nà án lọ́jọ́ náà. Lédè tiwa, ẹni tí kì í gbọ́ràn, olóríkunkun ni, etí ikún ni. Ta ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí ọkàn rẹ̀ máa lọ síbi etí gan-an?

Ìdí máṣíìnì ni mo ti mọ̀. Aránṣọ ni mí l'Ókè-Fìà. Àjàní kọ̀yìn sí mi lọ́jọ́ kan, mo ní kó bá mi mú àlùmọ́gàjí. Kò yíjú. Mo rò pé ariwo máṣíìnì ni, mo pa á, mo tún pè é. Kò yíjú náà. Ìgbà tó ṣèèṣì wẹ̀yìn, tó rí i pé ẹnu mi ń lọ, ló sáré wá. Gbogbo ohun tí mo ti ń pè ní àgídí bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́kàn mi: tẹlifíṣọ̀n tó máa ń yí sókè, "kí lẹ wí?" tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ èèyàn lẹ́nu.

Mo gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital, tí ọ̀pọ̀ wa l'Óṣogbo ṣì ń pè ní LAUTECH. Ẹ béèrè ọ̀dọ̀ ENT, àwọn ni dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ inú etí wò bóyá èérí ló dí i tàbí ó ń ṣọyún. Wọ́n bi mí bóyá ó ti ní èéyi, ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí lọ́rùnlọ́rùn rí, bóyá ibà pọ́njú mú un nígbà tí mo bí i. Ó mú un o, ó sì pẹ́ ká tó gbé e dé ọsibítù. Mi ò mọ̀ pé irú ìyẹn lè dé etí. Wọ́n wá ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn: ọmọ á jókòó sí yàrá tó pa lọ́lọ́, wọ́n á fi nǹkan bò ó létí, bó bá ti gbọ́ ohùn kín-ún, á tẹ bọ́tìnnì.

Ìwé tó jáde ní àmì òdo pupa fún etí ọ̀tún, àmì X búlúù fún tòsì. Ọ̀tún wà ní 45, òsì wà ní 60. Ẹ wò mí o: inú mi dùn pé tòsì ti pegedé! Obìnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní nọ́ńbà yẹn kì í ṣe máàkì, òun ló ń sọ bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kí ọmọ tó gbọ́ ọ. Ẹni tí etí rẹ̀ pé á máa gbọ́ ohun tó wà ní 20, àní tó kéré sí 20. Ọ̀rọ̀ tá à ń bá ara wa sọ nínú ilé, bíi 60 náà nìyẹn. Ìyẹn ni pé bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ lápá òsì, fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó bá tiẹ̀ dé. Ó ní kí a wá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún un. Owó rẹ̀ ju ti máṣíìnì tí mo fi ń jẹun lọ.

Àbúrò mi kan wà ní Maryland l'Ámẹ́ríkà. Ọmọ tiẹ̀ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, nítorí náà ó ti kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn iléèwé ibẹ̀ ń lò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp títí fóònù mi fi kún: IEP, accommodation, modification, related services, inclusion. Ó ní òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1975, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí IDEA lọ́dún 1990, ló dè wọ́n mọ́ ọn. Láti ọmọ ọdún 3 títí dé 21, iléèwé ìjọba gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú òbí, kí wọ́n kọ ètò tó jẹ́ ti ọmọ yẹn nìkan, kí wọ́n sì máa tún un wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ètò yẹn ni IEP. Inú mi dùn. Mo lọ tẹ gbogbo rẹ̀ síwèé l'Ọláìyá, mo kó o lọ bá ìyá tó ni iléèwé Àjàní. Iléèwé aládàáni ni.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. IEP ni mo wá gbà fún Àjàní."

Wọ́n wò mí. "Ìyá Àjàní, ṣé ìwé owó ni àbí oògùn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin Amẹ́ríkà fún wọn. Kí n tó dé ìdajì, wọ́n ti ní ó máa dáa kí n mú ọmọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn odi. Mo sunkún délé. Inú ń bí mi sí wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n tí n bá máa sọ òótọ́, èmi náà ló gbé ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́ni tó máa ṣe é lọ bá wọn. Kò sẹ́ni tí òfin Amẹ́ríkà lè mú l'Óṣogbo.

Mo wá ra ìwé olójú-ewé ogójì kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè ojú ewé, mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, mo sì kọ ìbéèrè méjì sábẹ́ rẹ̀: ta ló máa ṣe é? Ọjọ́ wo? Èyí tí mi ò bá rí orúkọ èèyàn kọ sí, mo fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ló lọ báyẹn.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni accommodation àti modification, torí bákan náà ni wọ́n ń dún létí mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló là mí lójú. Bí oníbàárà bá sanra, tí mo tú ẹ̀gbẹ́ bùbá kí ó lè gbà á, bùbá yẹn ṣì ni, aṣọ ẹbí kan náà ni òun àtàwọn yòókù wọ̀. Accommodation nìyẹn: ìṣirò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni Àjàní náà ń ṣe, iwájú ló kàn máa jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé aṣọ náà tí mo sọ ọ́ di fìlà, ó ti kúrò ní bùbá. Modification nìyẹn: wọ́n dín ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kù. Etí ni ìṣòro Àjàní, ọpọlọ rẹ̀ pé. Nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé aṣọ rẹ̀.

Related services, ìrànlọ́wọ́ tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ni, bíi kéèyàn máa kọ́ ọmọ bó ṣe máa pe ọ̀rọ̀. Mo rí obìnrin kan tó kàwé ní Federal College of Education (Special) l'Ọ́yọ̀ọ́, á máa wá ní ọ̀sán Sátidé. Orúkọ wà, ọjọ́ wà, mi ò fagi lé e.

Inclusion, ìyẹn kí ọmọ máa kàwé ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń gbọ́, ló dá ìjà sílẹ̀ nílé. Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́ iléèwé adití sétí, wọ́n ní Àjàní kì í ṣe odi. Èmi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkankan rárá, tí ẹ bá jókòó tì í sí kíláàsì tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, àga lásán lẹ fún un. Àwọn tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ ti pẹ́ nítòsí wa: ọdún 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ti dá iléèwé adití sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ti Àjàní ni pé ó ṣì ń gbọ́ tí a bá kọjú sí i. A fi í sáàárín àwọn tó ń gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti ń bá a kọ́ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀.

Iléèwé ìjọba ni mo padà mú un lọ. Òfin tiwa wà nínú báàgì mi, èyí tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó ní gbogbo iléèwé ìjọba gbọ́dọ̀ gba àkàndá ẹ̀dá, kí ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ nípa wọn wà níbẹ̀, kí ẹ̀kọ́ wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Mi ò yọ ọ́. Mo kí wọn dáadáa, mo fi ìwé etí han tíṣà, mo ṣàlàyé nọ́ńbà yẹn kí òun náà má bàa rò pé máàkì ni. Ojú ewé kan péré ni mo gbé kalẹ̀: àga iwájú, etí ọ̀tún sí ọ̀dọ̀ tíṣà, kí tíṣà má máa sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kọjú sí bọ́ọ̀dù, kí wọ́n kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀, kí wọ́n má kàn sọ ọ́ lẹ́nu, kí n máa yà lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Tíṣà fọwọ́ sí i. Ó ní àga iwájú rọrùn, bọ́ọ̀dù ni òun máa máa gbàgbé. Ó gbàgbé lóòótọ́, Àjàní ló máa ń na ọwọ́ sókè.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn dé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí mo fi dá àjọ. Mo wá fi bátìrì rẹ̀ kún ohun tí mò ń rà lọ́jà.

Wọ́n gbé tíṣà náà lọ sí Ìkìrun ní táàmù yìí. Mo ti fa bírò sí orúkọ rẹ̀ lójú ewé yẹn, mo sì ti ṣe ẹ̀dà mìíràn. Ọjọ́ Ajé ni mo máa mú un lọ bá ẹni tuntun.