Aṣọ bèbí kì í ṣe aṣọ ènìyàn tí a dín kù: àwọn àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́

Ẹni tó mọ aṣọ rán dáadáa ló sábà máa ń kọ́kọ́ ba aṣọ bèbí, ọmọláńgidi tí ọmọdé fi ń ṣeré, jẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀wù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń so apá mọ́ èjìká, ó wá rò pé kí òun ṣáà dín ìwọ̀n kù, iṣẹ́ parí. Àmọ́ bèbí ló kéré, aṣọ kò bá a kéré. Bí aṣọ ṣe nípọn tó, bí òwú ṣe tóbi tó, kò sí èyí tó yí padà. Barbie tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ènìyàn. Tí ẹ bá fi jíǹsì tí àwa náà ń wọ̀ rán ṣòkòtò fún un, bí ìgbà tí ènìyàn wọ jíǹsì tó nípọn ní ìlọ́po mẹ́fà ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe wọ̀nyí ti ń wá.

Gíga bèbí nìkan kọ́ ni ẹ máa wò

Àwọn tó ń ra pátánì (bébà tí a fi ń gé aṣọ) “bèbí ínṣì 18” máa ń gbàgbé pé bèbí méjì lè ga dọ́gba kí àyà àti ìdí wọn má dọ́gba rárá. Láti ọdún 2016 ni Mattel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Barbie, ti fi Barbie onídìí ńlá, Barbie gíga àti Barbie kúkúrú kún ti àtijọ́. Ẹ̀wù tó gún régé lára ti àtijọ́ kò ní pàdé lẹ́yìn onídìí ńlá. Ẹ wọn àyà, ìbàdí, ìdí, ọrùn àti apá, kí ẹ má sì gbàgbé orí. Téèpù ìwọnṣọ le jù fún ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òwú yí i ká, kí ẹ wá tẹ́ òwú náà sórí rúlà.

Tó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti gba pátánì, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń dín àwòrán kù kó lè wọ inú bébà láìjẹ́ pé ẹ sọ fún wọn. Lórí aṣọ ènìyàn, ó ṣeé mójú kúrò. Lórí àyà bèbí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó lọ ti ju mìlímítà 6 lọ, aṣọ kò sì ní pàdé mọ́. Pátánì tó dára máa ń ní àpótí kékeré kan tí wọ́n yà sórí bébà náà, tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan síṣọ́ọ̀sì.

Aṣọ, etí àti ẹ̀rọ

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rọ̀ ni kí ẹ wá, aṣọ òwú (cotton) tó ṣeé pa pọ̀ sọ́wọ́ láìjà. Aṣọ líle máa ń dúró gbagidi lára bèbí. Ẹ sá fún òdòdó ńlá pẹ̀lú: òdòdó kan ṣoṣo lè gba gbogbo àyà tán, kí aṣọ wá jọ kọ́tìnnì ojú fèrèsé.

Pátánì aṣọ ènìyàn sábà máa ń fi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sílẹ̀ fún rírán. Ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú apá aṣọ bèbí, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ráyè kọjá. Mìlímítà 6 ló tó, àwọn tó ń rán fún bèbí tín-ín-tín a máa lo 3. Èmi kò fara mọ́ kí ẹ gé e sí 3 láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣá, nítorí òwú etí aṣọ á ti tú kó tó dé abẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ gé e sí 6, ẹ rán an tán, kí ẹ wá gé etí rẹ̀ kù. Àwọn ibi tó tẹ̀, bí ọrùn àti abíyá, ẹ fi ẹnu síṣọ́ọ̀sì gé wọn wẹ́wẹ́ kó tó kan ojú ìrán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á máa sún kì.

Ẹ tún dín gígùn ojú ìrán kù láti mìlímítà 2.5 tí ẹ̀rọ sábà máa ń wà sí 1.5 tàbí 2, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 60 tàbí 70 sí i. Tí ẹ̀rọ bá ń gbé etí aṣọ mì, ẹ má fà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrán lórí àjákù aṣọ, kí ẹ wá tì í bọ́ sórí aṣọ gangan, tàbí kí ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya á kúrò lẹ́yìn náà.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni ti ètò iṣẹ́. Lára aṣọ ènìyàn, a lè rán ìhà pa kí a tó fi apá sí i. Ẹ dán an wò lórí bèbí, ihò apá á kéré ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Ẹ rán èjìká pọ̀, ẹ so apá mọ́ ọn nígbà tó ṣì tẹ́ sílẹ̀, ẹ ṣẹ́ etí apá náà, kí ẹ tó wá rán an láti ọrùn ọwọ́ dé abíyá, láti abíyá dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìrán kọ̀ọ̀kan, nítorí tí aṣọ bá ti pé, ẹnu áyọ́ọ̀nù kò ní wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ibi tí aṣọ yóò gbà wọlé

Orí bèbí tóbi, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í sábà ká. Ẹ̀wù tí ẹ fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ti ènìyàn kò ní wọlé. Ẹ la ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn títí kọjá ìbàdí. Velcro, ìdè tó ń lẹ̀ mọ́ra, rọrùn fún ọmọdé, àmọ́ ojú rẹ̀ tó ní ìkọ́ máa ń mú irun bèbí, ó sì ń fa aṣọ híhun ya. Bọ́tìnnì kékeré àtẹ̀mọ́ra ló yẹ aṣọ híhun. Tí ìka bá ń há sínú apá aṣọ, ẹ fi nylon fẹ́lẹ́ wé ọwọ́ náà kí ẹ tó tì í wọlé.

Híhun

Àwọn tó ń hun kì í fẹ́ hun àyẹ̀wò, ìyẹn aṣọ kékeré tí a fi ń ka iye ojú ìhun kí iṣẹ́ gangan tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ bèbí fúnra rẹ̀ kò ju àyẹ̀wò lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní pátánì ìhunṣọ sọ pé ojú 28 ni kó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú 56: aṣọ náà á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 yíká. Tí ọwọ́ yín bá dẹ̀, tó jẹ́ 24 lẹ rí, ojú 56 kan náà á di sẹ̀ǹtímítà 23 ó lé. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré, ẹnikẹ́ni kò ní rí i lára àgbàlagbà. Lára bèbí, ó ti bọ́ léjìká nìyẹn.

Òwú tó nípọn kò ṣeé tún ṣe. Fún bèbí bíi Barbie, ẹ wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù tí ọwọ́ yín lè bá ṣiṣẹ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ mìlímítà 2 tàbí díẹ̀ sí i. Níbi tí ẹ bá ti ń pa ojú dé ní ọrùn, ẹ lo abẹ́rẹ́ tó tóbi jùyẹn lọ kí ọrùn lè fà. Tó bá jẹ́ òwú aláwọ̀ púpọ̀, èyí tó ń gba ẹ̀yìn kọjá á máa kọ́ ìka bèbí, nítorí náà ẹ máa dì í mọ́ inú bí ẹ ṣe ń hun lọ. Ẹ má sì gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé òwú acrylic (òwú oníkẹ́míkà bíi rọ́bà): á yọ́, kò sì ní fà mọ́ títí láé.

Àwọ̀ tó ń ràn

Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe bèbí máa ń fa àwọ̀ aṣọ mu. Pupa, dúdú àti búlúù tó kún ló ń ṣe é jù, ọṣẹ kì í sì í yọ ọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ rẹ aṣọ sínú iyọ̀ tàbí ọtí kíkan kó má bàa ṣí. Kò ràn án lọ́wọ́. Aṣọ òwú tí wọ́n ti pa láró kò mọ ìyẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún. Tí funfun bá ṣì mú àwọ̀, ẹ fi ìtẹ́nú funfun sí i, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lára bèbí di ọ̀sẹ̀ kejì.

Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ló ni ín

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta á gbé ohun gbogbo sẹ́nu. Kò sí bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ìkọ́ nínú aṣọ bèbí rẹ̀. Ẹ fi òwú ya àwòrán bọ́tìnnì sí i. Mágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan ń fi pa aṣọ dé léwu jù gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra láti inú ìfun kan sí èkejì, kí wọ́n sì lu ú. Ẹ sì ka píìnì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún kà á tẹ́ ẹ bá parí.